Ìtọ̀ Tó Ń Ta Bí Ata: Ẹ Fi Tọ́lẹ́ẹ̀tì Sílẹ̀ Jàre

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin tèmi. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ lóṣù tó kọjá, pé kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ tó bá ń ta èèyàn ni àtọ̀sí, hàà, lẹ́tà ya bò mí bí eéṣú! Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra fún ọdún, ẹ ò lè sọ fún ọkọ, ẹ ò lè sọ fún ìyàwó, dókítà gan-an ẹ ń tijú ẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì lẹ wá kó gbogbo ẹ̀ fún. Kò burú o. Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ike ìtọ̀ tí mo ti fọwọ́ gbé pọ̀ ju ike omi lọ, kò séyìí tó lè tì mí lójú mọ́. Mo mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà yẹn, mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, ọmọ ọdún 38 ni mí. Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí tí ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí ṣáá, tí mo bá wá débẹ̀ ẹ̀kán méjì mẹ́ta ló máa jáde, á sì máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata rà mí. Àwọn tá a jọ ń tajà ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣàn ni, pé tọ́lẹ́ẹ̀tì tá à ń sanwó fún lọ́jà ni mo ti kó o. Kẹ́mísìtì ta kápúsù aláwọ̀ méjì fún mi, mo lò ó fún ọjọ́ méjì, ó lọ, mo tọ́jú èyí tó kù. Látìgbà yẹn mi ò tọ̀ lọ́jà mọ́, mi ò sì mumi títí n ó fi délé lálẹ́. Síbẹ̀ ó tún padà wá. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?" — Ìyá Aláta, Ìbàdàn

Ìyá Aláta, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ọgbọ́n yẹn gan-an ló ń pe àìsàn yìí padà.

Àpò ìtọ̀ wa dà bíi fèrè onírọ́bà tọ́mọdé ń fẹ́, tí nǹkan ò bá sí nínú ẹ̀ á rọ̀ jọwọlọ, bó bá ṣe ń kún á máa fẹ̀. Ti àgbàlagbà máa ń gbà tó píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 50cl, kì í sì í tètè pariwo. Tí kòkòrò bá wá wọ ibẹ̀, awọ inú ẹ̀ á wú, á pọ́n, bí ojú ṣe máa ń pọ́n tí eruku bá kó sí i. Ẹ sì mọ̀ pé ojú tó bá ti ń ta, atẹ́gùn lásán ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò ìtọ̀ tó wú, ẹ̀kán méjì péré tó bá kán sí i, á ti figbe ta pé òun ti kún. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń sáré lọ tí nǹkan gidi ò sì jáde. Cystitis làwọn dókítà ń pè é. Ìtọ̀ á dàrú bí omi ògì, á máa rùn, ìsàlẹ̀ ikùn á máa dun èèyàn, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú ẹ̀.

Kòkòrò wo wá ni? Nínú mẹ́wàá, tó mẹ́jọ ló jẹ́ pé E. coli ni, kòkòrò kan tó jẹ́ pé inú ìfun wa ló ń gbé, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Ara yín lẹ ti kó o, ẹ ò kó o lọ́jà. Láti ihò ìdí ló ti ń rìn wá síwájú, ọ̀nà ọ̀hún ò sì jìn rárá. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ẹ wo oríkèé méjì lórí ìka yín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọkùnrin sì tó 20. Abájọ tó fi jẹ́ pé tá a bá kó obìnrin méjì jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú wọn á ṣe é rí láyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán tẹ́ ẹ wá ń nu ìdí láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ọwọ́ ara yín lẹ fi ń sin ín délé yẹn. Iwájú lọ sẹ́yìn ni ká máa nù ún, ká sì fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa láti kékeré.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì ọjà wá ńkọ́? Mi ò ní í gbèjà ẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rùn, ẹ sì lè tibẹ̀ kó ìgbẹ́ gbuuru délé tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́. Ṣùgbọ́n itan àti ìdí ló ń kan ibi ìjókòó, ihò ìtọ̀ ò kàn án, kòkòrò yìí ò sì lápá tó fi máa fò. Orúkọ yẹn, tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣàn, ká ní èmi ni mo láṣẹ ni, mo ti fòfin dè é tipẹ́, torí òun gan-an ló ń kó àwọn obìnrin wa sí wàhálà. Ẹ wò ó: wọ́n bẹ̀rù tọ́lẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní í tọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́jọ alẹ́, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n wọ́n wọn ò ní í mumi, kòkòrò díẹ̀ tó ṣèèṣì wọlé wá rí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ jókòó sí fún wákàtí mẹ́rìnlá, ó ń bímọ, ó ń kọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ni ìgbálẹ̀ ibẹ̀, tá a bá ti ń tọ̀ ọ́ dáadáa òun ló ń gbá wọn síta kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ìyá Aláta. Àwọn kan tún wà tó máa lọ o, àmọ́ wọn ò ní í jókòó, wọ́n á kàn lóṣòó sókè fírí bí ẹni tó fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, iṣan ìsàlẹ̀ á fún pọ̀, ìtọ̀ tó yẹ kó jáde tán á ku díẹ̀ nínú àpò. Ẹ da omi sí i, ẹ fi tíṣù nù ún, ẹ jókòó bí olorì, kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ tán pátápátá.

Omi ńkọ́? Lọ́dún 2018 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Bulgaria, obìnrin 140 tí àìsàn yìí ń padà wá bá ṣáá, tí wọn ò sì í mumi dáadáa. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa fi lítà kan ààbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, kí àwọn yòókù máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Nígbà tọ́dún yípo, àwọn tó mumi ṣe é ní ìgbà 1.7 tá a bá pín in dọ́gba, àwọn tí ò mu, ìgbà 3.2. Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta péré o! Ẹ fi sábẹ́ tábìlì tòmátì yín, kó tó di ọ̀sán kẹ́ ẹ ti mu méjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kápúsù. Oògùn ọjọ́ méjì yẹn, àwọn tó lẹ nínú àwọn kòkòrò ló pa, àwọn olórí kunkun tó ṣẹ́kù ni wọ́n tún kó ẹbí jọ. Ọ̀pọ̀ E. coli níbí ò tiẹ̀ ka àwọn kápúsù aláwọ̀ méjì tí kẹ́mísìtì fẹ́ràn láti máa tà yẹn sí mọ́. Oògùn tó bá a mu wà o, nitrofurantoin máa ń jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, fosfomycin ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu ún, ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ èwo ni tiyín. Ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún kan ti kúrò lọ́rọ̀ kẹ́mísìtì. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, kí wọ́n gbìn ín ní láàbù, wọ́n á rí kòkòrò tó hù níbẹ̀ wọ́n á sì mọ oògùn tó ń pa á, ó máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kí wọ́n bá yín wo ṣúgà náà.

Nípa ìtọ̀ tẹ́ ẹ máa gbé lọ. Ìyá kan gbé tiẹ̀ wá fún mi nígbà kan nínú ìgò òróró, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo gbé e sókè sí wíńdò, òróró tò lójú ẹ̀ róbótó róbótó, ó ń dán yinrinyinrin bí ojú ọbẹ̀ ọlọ́jà, kí ni láàbù fẹ́ rí nínú ìyẹn? Ike tí láàbù bá fún yín ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi omi fọ ìta ojú ara, ẹ fọwọ́ ya ètè ẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀, èyí tó ń bọ̀ láàárín ni kẹ́ ẹ gbe, ẹ má fìka kan inú ike. Kẹ́ ẹ sì gbé e débẹ̀ kíá, kò gbọdọ̀ bá yín wọ mọ́tò lọ kí ìbátan ná.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ mí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí n sọ ibi tí mo ti kó àtọ̀sí. Mò ń fi Dettol àti omi gbígbóná fọ inú ara mi láràárọ̀ láti ìgbà yẹn, ńṣe ló ń le sí i." — Ìyàwó tuntun, Òṣogbo

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Gbé ìwé ìròyìn yìí fún ọkọ ẹ kóun náà kà á. Ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé débi pé àwọn òyìnbó fún un lórúkọ, honeymoon cystitis. Kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan kó o fún ẹnì kan. Kòkòrò tó wà létí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni ìbálòpọ̀ ń tì wọlé, bí ẹni ń fẹsẹ̀ ti iyanrìn sí kòtò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, dìde, lọ tọ̀. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà níbẹ̀, pé ọkọ á máa wò ẹ́ pé ibo lo tún ń lọ, dìde jàre. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń lo kọ́ńdọ́mù tí wọ́n fi oògùn tó ń pa àtọ̀ sí, ẹ wá irú míì, torí oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí àìsàn yìí rọrùn láti ṣe obìnrin.

Àtọ̀sí gidi máa ń mú kí nǹkan bí ọyún máa jáde lójú ara, pàápàá lára ọkùnrin. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ẹ, àtọ̀sí àti kílámídíà (àìsàn míì tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀) lè wà lára obìnrin kó má sọ̀rọ̀ rárá, nítorí náà kẹ́yin méjèèjì jọ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe pé kí wọ́n fi mú ọ̀daràn o, kí ọkàn lè balẹ̀ ni.

Dettol yẹn, jọ̀ọ́, lọ gbé e fún ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Àwọn kòkòrò rere kan wà nínú ojú ara obìnrin tó jẹ́ pé ọlọ́dẹ ni wọ́n, àwọn ni kì í jẹ́ kí àwọn ìpátá láti ìdí rí ibi dúró sí. O wá ń da Dettol lé ọlọ́dẹ ẹ lórí láràárọ̀, ta ló máa ṣọ́lé? Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn dídùn, gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń fún ojú ara pọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Omi lásán, ìta nìkan. Inú ń fọ ara ẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìtòsí dáàmù Ọ̀yán, níbi tí wọ́n ti sé odò, la ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 11, ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ láti oṣù méjì. Ìtọ̀ á kọ́kọ́ mọ́, ìparí ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ máa ń wà. Ìyá mi ní àtọ̀sí ajá ni, pé gbogbo ọmọkùnrin abúlé yìí ló ń ṣe é, tó bá dàgbà á lọ. Mo ra oògùn àǹtíbáyọ́tíìkì fún un, kò ṣiṣẹ́." — Bàbá Ìdòwú, ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, bàbá. Èyí náà, àpò ìtọ̀ tó wú ni o, ṣùgbọ́n ọ̀nà míì ló gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí oògùn yẹn ò fi ràn án. Mo bọ̀wọ̀ fún màmá, ojú wọn ti rí i tó, àní ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló máa ń ṣe lágbègbè yẹn lóòótọ́. Pé ó wọ́pọ̀ ò wá sọ pé ó dáa. Ìgbà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ni èéyi (measles) máa ń ṣe (ẹ rántí ìyẹn?), a ò kà á sí ara ọmọ nítorí ẹ̀.

Aràn ni. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí i lára òkú ní Cairo lọ́dún 1851, òun ni wọ́n fi ń pè é ní bilharzia títí dòní. Ìṣáwùrú kékeré kan wà létí odò, inú ẹ̀ ni ọmọ aràn yìí ti ń dàgbà, tó bá tó àkókò á jáde sínú omi, ojú ò lè rí i. Ọmọ tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń fọṣọ, tó ń ṣẹja, á gba awọ ara ẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò nílò egbò kankan. Á dàgbà nínú ẹ̀jẹ̀, takọtabo á jọ máa gbé létí àpò ìtọ̀, wọ́n á máa yé ẹyin, ẹyin ọ̀hún ló wá ní ẹ̀gún ṣóńṣó lórí. Ẹ̀gún yẹn ló ń fa awọ àpò ìtọ̀ ya, òun lẹ̀ ń rí lẹ́jẹ̀, tí àpò bá fún pọ̀ láti lé ìtọ̀ ìkẹyìn jáde ló máa ń hàn jù. Ọmọ tó bá wá tọ̀ sódò, ẹyin á pa, á wá ìṣáwùrú míì lọ, ó tún di ìran míì. Omi dáàmù tó dúró sójú kan sì ni ìṣáwùrú fẹ́ràn, láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣí Ọ̀yán tí Abẹ́òkúta àti Èkó sì ń mumi ẹ̀, àwọn tó ń gbé létí ẹ̀ ni wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. Inú máa ń bí mi sí i tí mo bá rántí.

Oògùn ẹ̀ ni praziquantel. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, níbi tí ò bá sí ìwọ̀n wọ́n á na ọ̀pá kan, wọ́n á ní kọ́mọ dúró tì í, bó ṣe ga tó ló máa sọ iye hóró. Kó jẹun kó tó lò ó, kó má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu torí ó korò bí ewúro. Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń pín in ní iléèwé. Tí wọ́n bá ní kó gbé ìtọ̀ wá, kó jẹ́ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn lẹyin máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, kí ẹ̀kán ìkẹyìn sì wà nínú ẹ̀. Oògùn yìí ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn kéékèèké, kì í sì í dènà tuntun, tó bá padà sódò kan náà á tún kó o. Kẹ́ ẹ má sì fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, tiwọn lè gba ojú ara yọ, kí wọ́n wá máa pè wọ́n ní oníṣekúṣe. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ẹ sọ ìyẹn fún màmá jẹ́jẹ́.

"Mo ti pé ọdún 64. Ìtọ̀ mi kì í tú dáadáa mọ́, á máa kán tó tó tó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń dìde lóru, ó sì ti ń ta mí báyìí. Mo lo ìyókù oògùn ìyàwó mi. Ṣé kí n tún ra á?" — Alhaji, Ìlọrin

Rárá o, Alhaji, ẹ dákun. Bí ẹ ṣe rántí, ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin jìn, kòkòrò kì í déédéé rìn débẹ̀, tó bá wá débẹ̀ nǹkan ló ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ orí yín, próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ó máa ń tóbi sí i bọ́kùnrin ṣe ń dàgbà, á fún ọ̀nà ìtọ̀ lọ́rùn, ìtọ̀ ò ní í tán nínú àpò, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí omi tó bá dúró nínú táyà lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n ṣe sìkáànì fún yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọ̀ tán kí wọ́n rí iye tó kù, kí wọ́n wo próstéètì, kí wọ́n sì wo ṣúgà, torí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń dìde lóru bẹ́ẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn ẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kódà kó má dùn yín rárá, ẹ má dúró wo ọ̀la, èyí tí kì í dunni yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bẹ́ẹ̀ náà tó bá ṣẹlẹ̀ pé ìtọ̀ ò jáde mọ́ rárá tí ikùn ń le, ọsibítù lọ́jọ́ náà, wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́.

"Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà. Ìtọ̀ ta mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò kà á sí. Láti ìjẹta ara mi ń gbóná, òtútù ń gbọ̀n mí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi lẹ́yìn ń dùn mí, mo ń bì. Mo ti lo oògùn ibà, mo tún fẹ́ lo ti táífọ́ọ̀dù." — Abọyún, Ìjẹ̀bú-Òde

Èyí ni lẹ́tà tó mú kí n má dúró de ìtẹ̀jáde yìí, mo ti fèsì sí i lọ́jọ́ tó dé. Ọsibítù, lónìí, àìsàn yẹn ti gun òkè. Tí kòkòrò bá fi àpò ìtọ̀ sílẹ̀ tó gòkè lọ bá kíndìnrín, bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn, ìgbóná, òtútù, ẹ̀gbẹ́ ríro, èébì, ó sì jọ ibà débi pé ó máa ń tan àwa náà jẹ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, ọjọ́ mẹ́rin la fi ń fa omi ibà sí obìnrin kan lára, ẹnikẹ́ni ò rántí gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà pẹ́pẹ́, ọjọ́ karùn-ún tí mo ṣèèṣì fọwọ́ kàn án níbẹ̀ ló fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní ojú ń tì mí.

Oyún máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ìtọ̀ rọ̀, kó fẹ̀, ìtọ̀ ò ní í tètè sọ̀kalẹ̀, kòkòrò á rọ́nà gùn. Ó lè mú kí ọmọ wáyé láìpé ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ gbé ìtọ̀ wá ní àǹtínátà, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi owó jẹ yín níyà, kòkòrò lè wà níbẹ̀ kó má ta yín rárá, abọyún sì ni wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀ fún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ta á. Ẹ má ra àǹtíbáyọ́tíìkì fúnra yín nínú oyún, àwọn kan ò dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn kan ò dáa tó bá ti kù díẹ̀ kẹ́ ẹ bí. (Ó ti délé o, ó ránṣẹ́ sí mi, òun àti ọmọ inú ẹ̀ wà dáadáa.)

"Àǹtí mi, London ni mo wà, ní Peckham, ọmọ ọdún 44. Ó ti pé oṣù méje tí àpò ìtọ̀ ń dùn mí, tó bá ń kún ló máa ń dùn jù, tí mo bá tọ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni GP, dókítà àdúgbò wa níbí, ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, kò sí kòkòrò. Ìyá mi nílé ní ayé ni, kí n wá àdúrà." — Àdùkẹ́

Àdúrà dáa, ẹ máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yìí lórúkọ, bladder pain syndrome, àwọn míì ń pè é ní interstitial cystitis. Àpò ìtọ̀ ń dunni bí ẹni tó ní ìnfẹ́kṣàn, kòkòrò ò sì sí níbẹ̀, nítorí náà àǹtíbáyọ́tíìkì ò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Àwọn dókítà gan-an ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á. Ẹ ní kí GP kọ̀wé sí oníṣẹ́ abẹ ìtọ̀ fún yín, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tín-ín-rín kan yọjú wo inú ẹ̀, pàápàá kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe nǹkan míì. Kẹ́ ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ àti ìgbà tó dùn yín. Kọfí, tíì, ọtí, ọsàn máa ń bí i nínú. Ó dùn mí láti sọ ọ́ o, ata náà wà níbẹ̀. Ẹ yọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí ayé má bàa sú yín, èyí tí kò bá ṣe yín ní nǹkan kan kẹ́ ẹ padà sí i. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé iṣan abẹ́ ló fún pọ̀ jù, físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ wà ní England, láti 31 oṣù kìíní 2024 ni fámásì ti lè tọ́jú obìnrin ọdún 16 sí 64 tó ní cystitis tí kò le, láìjẹ́ pé wọ́n rí GP. Abọyún ò sí níbẹ̀, ẹni tí ara ẹ̀ ń gbóná ò sí níbẹ̀, èyí tó ń padà wá ṣáá ò sí níbẹ̀, tiyín náà ò sí níbẹ̀, àǹtí Àdùkẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtọ̀ mi ń dán yẹ́ríyẹ́rí bí bírò tí wọ́n fi ń fa ilà sábẹ́ ìwé, yẹ́lò tó mú ojú. Kò ta mí o. Ẹ̀rù ń bà mí." — Káyọ̀dé, Èkó

Ṣé o ń lo B-complex, oògùn fítámì B yẹn?

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

Òun ni. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.